Ìgbà Wo Ló Yẹ Kí A Ṣẹ́ Ìgbòkun Po? Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Fẹ́ Yá Kátámaráànì Níbi Tí Ẹ̀fúùfù Ti Ń Le

Láti ìgbà tí èmi àti ẹbí mi ti ń yá kátámaráànì, ìyẹn ọkọ̀ ìgbòkun tó ní ọpọ́n méjì lábẹ́, ìbéèrè kan náà ni àwọn ènìyàn ń bi mí ṣáá: "Ẹ̀gbọ́n, bí afẹ́fẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í le, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó tó àkókò láti dín ìgbòkun kù? Kí ni mo sì máa kọ́kọ́ ṣe?" Ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọmọ wa tó wà nílùú ọba, tí wọ́n gba Day Skipper, ìwé-ẹ̀rí atukọ̀ ti RYA (ẹgbẹ́ àwọn atukọ̀ ìgbafẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì), lórí ọkọ̀ ọlọ́pọ́n kan ní Solent, omi tó wà ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n wá fẹ́ kó ìyàwó àti ọmọ lọ sí British Virgin Islands, àwọn erékùṣù kan ní Karibeani, nígbà Kérésìmesì. Àsìkò náà gan-an ni ẹ̀fúùfù ibẹ̀ máa ń le jù nínú àsìkò ìgbafẹ́. Láti àárín oṣù Kejìlá wọ oṣù Kìíní, afẹ́fẹ́ ìlà-oòrùn lè fẹ́ ní nọ́ọ̀tì 25 sí 30 (nọ́ọ̀tì kan ni máìlì òkun kan ní wákàtí kan) fún ọjọ́ mélòó kan láìsinmi.

Ìdáhùn kúkúrú rèé: ẹ ṣẹ́ ìgbòkun po, ìyẹn ni pé kí ẹ dín in kù, kí ó tó di dandan, nọ́ńbà ni kí ẹ sì fi pinnu. Ẹ má fi bí ara yín ṣe ń ṣe pinnu rárá.

Kí ló dé tí ara kò fi lè sọ fún wa?

Abẹ́ kátámaráànì dà bí ọpọ́n méjì tí a so pọ̀ bí ìbejì. Bí ẹ̀fúùfù bá gbá ọkọ̀ ọlọ́pọ́n kan, yóò fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, díẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ náà yóò sì yọ́ gba orí ìgbòkun kọjá. Fífì yẹn ni ìkìlọ̀: abọ́ ń yọ̀ lórí tábìlì, ọmọ ń ké, ẹ̀yin náà á mọ̀ pé ó ti pọ̀ jù. Kátámaráànì kì í fì bẹ́ẹ̀. Ẹ wo Lagoon 42, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 12.80, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 7.70, tó sì wúwo tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 12. Yóò dúró gbọn-in, tíì inú ife kò ní dà, gbogbo agbára ẹ̀fúùfù náà yóò sì wọ inú òpó ọkọ̀, okùn àti aṣọ ìgbòkun.

Agbára yẹn kì í sì í fi díẹ̀díẹ̀ pọ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá ti nọ́ọ̀tì 10 dé 20, agbára tó fi ń ti ìgbòkun di ìlọ́po mẹ́rin. Láti 15 dé 21 péré, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ẹ kò ní mọ ìyàtọ̀ yẹn lórí ìjókòó.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà rí, nínú Sir Francis Drake Channel, omi tó wà láàárín àwọn erékùṣù British Virgin Islands, lójú ọ̀sán gangan. Ẹ̀rọ ń kọ nọ́ọ̀tì 24, gbogbo ìgbòkun wà lókè, a ń jẹ ìrẹsì, àwọn ọmọ ń ṣeré níwájú. Mo ní ká jẹun tán ná. Kí a tó jẹun tán, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ inú ìgbòkun ńlá ṣẹ́, ó sì fa aṣọ náà ya. Ọjọ́ méjì la fi dúró de àtúnṣe. Kò sẹ́ni tó farapa, mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, nọ́ńbà ni mo ń wò.

Ẹ fi èyí kún un: kátámaráànì kékeré bíi Hobie Cat, bó bá dojú dé, ẹni méjì lè gùn ún kí wọ́n sì yí i padà. Irú èyí tí ẹbí ń sùn nínú rẹ̀, bó bá dojú dé, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe wà títí ìrànlọ́wọ́ yóò fi dé. Kò wọ́pọ̀. Àwọn tó bá sì ṣẹlẹ̀ sí, ìgbòkun tó pọ̀ jù ni ó sábà máa ń fà á.

Orúkọ nǹkan díẹ̀ tí mo máa lò

- Ìgbòkun ńlá: èyí tó wà lẹ́yìn òpó ọkọ̀.
- Ìgbòkun iwájú: èyí tó ń ká ara rẹ̀ bí ẹní níwájú.
- Ọ̀pá ìdábùú: ọ̀pá gígùn tí ẹsẹ̀ ìgbòkun ńlá jókòó lé. Okùn ìgbérọ̀ ló ń gbé e dúró láti òkè.
- Okùn ìfàsókè: òun ló ń fa ìgbòkun ńlá lọ sókè.
- Okùn ìdarí: òun là ń fi fa ìgbòkun mọ́ra tàbí tú u sílẹ̀.
- Ìṣẹ́po: bí télọ̀ ṣe ń ṣẹ́ etí aṣọ po kí ó lè kúrú. Ohun tí àwọn òyìnbó ń pè ní reef nìyẹn. Ìgbòkun ńlá sábà máa ń ní méjì tàbí mẹ́ta. Ìṣẹ́po kọ̀ọ̀kan ní okùn tó ń fa igun iwájú rẹ̀ wálẹ̀, àti èyí tó ń fa igun ẹ̀yìn.

Nọ́ńbà tí ẹ máa fi pinnu

Nọ́ńbà méjì ló wà lójú ẹ̀rọ. AWS ni afẹ́fẹ́ tó ń kan ọkọ̀ bó ṣe ń lọ. TWS ni bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fẹ́ gan-an. Bí afẹ́fẹ́ bá ń bọ̀ láti iwájú tàbí ẹ̀gbẹ́, AWS ni kí ẹ máa wò. Fún kátámaráànì ìgbafẹ́ tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 40 sí 45, ohun tí èmi ń tẹ̀ lé nìyí:

- Tí kò bá tíì tó 18: gbogbo ìgbòkun lè wà lókè.
- 18 sí 23: ìṣẹ́po kìíní.
- 23 sí 28: ìṣẹ́po kejì, kí ẹ sì ká ìgbòkun iwájú díẹ̀.
- 28 sí 35: ìṣẹ́po kẹta, kí ìgbòkun iwájú kù díẹ̀ níta. Bí ọkọ̀ yín kò bá ní ìkẹta, ẹ sọ ìgbòkun ńlá kalẹ̀ pátápátá.
- Tó bá ju 35 lọ: ìgbòkun ńlá kò gbọdọ̀ sí lókè. Ìgbòkun iwájú tí kò ju ìbòrí obìnrin lọ, tàbí ẹ́ńjìnì.

Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìwé tirẹ̀ tí wọ́n kọ nọ́ńbà wọ̀nyí sí, ó sábà máa ń wà nítòsí tábìlì máàpù. Bí tirẹ̀ bá yàtọ̀ sí tèmi, tirẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ìwọ̀n ẹ̀fúùfù òjijì ni kí ẹ fi ṣírò, kì í ṣe ti afẹ́fẹ́ tó dúró déédéé. Bí Windy tàbí PredictWind, àwọn áàpù ìsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́, bá sọ pé 19, tó sì kọ 27 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún èyí tó ń gbá lójijì, 27 ni ọkọ̀ yín gbọdọ̀ múra sílẹ̀ fún.

Tí ẹ̀rọ bá bàjẹ́ ńkọ́? Ẹ wo omi. Bí orí ìgbì bá ń funfun káàkiri, tí omi sì ń ta sí wa lára díẹ̀díẹ̀, ẹ ti wà láàárín 17 sí 21. Bí ìgbì ńlá bá ń hó níbi gbogbo, ó ti tó 22 sí 27. Bí fóòmù náà bá wá ń fà tẹ̀lé afẹ́fẹ́ bí ìlà, ó ti tó 28, ó sì yẹ kí ẹ ti ṣiṣẹ́ yín tán ṣáájú ìyẹn.

Afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn: ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ pọ̀. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ní nọ́ọ̀tì 25 láti ẹ̀yìn. Ọkọ̀ yín ń sáré ní 8. Ohun tó ń kan yín lára kò ju 17 lọ. Oòrùn ń ràn, gbogbo rẹ̀ tutù pẹ̀sẹ̀, kò sẹ́ni tó ń ronú ìṣẹ́po. Lójijì, ìdí kan mú kí ẹ yí ojú ọkọ̀ padà kọ afẹ́fẹ́: fìlà ọmọ já sómi, tàbí ẹ fẹ́ sọ ìgbòkun kalẹ̀. Iyára ọkọ̀ wá kún ti afẹ́fẹ́ dípò kí ó yọ kúrò nínú rẹ̀. Pẹ̀lú nọ́ọ̀tì 5 péré, 25 ti di 30 lójú yín, gbogbo ìgbòkun sì wà lókè.

Nítorí náà, bí afẹ́fẹ́ bá wà lẹ́yìn, TWS ni kí ẹ máa wò. Ẹ bi ara yín pé: "Tí mo bá ní láti yí padà báyìí, ṣé ìgbòkun yìí ò ní pọ̀ jù?" Bó bá máa pọ̀ jù, ó ti pọ̀ jù báyìí náà.

Ìdí mìíràn wà. Ọ̀pọ̀ kátámaráànì kò ní wáyà tó di òpó mú láti ẹ̀yìn. Àwọn wáyà ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n fà sẹ́yìn dípò rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá ti wà lẹ́yìn, ìgbòkun ńlá yóò lẹ̀ mọ́ wáyà wọ̀nyẹn, ó sì nira kí ó tó lè sọ̀kalẹ̀. Ẹ má ṣe gbìyànjú láti fi wíǹṣì oníná (ẹ̀rọ tó ń yí láti fa okùn) fà á tipátipá. Yóò ya.

Kí ẹ tó kúrò ní èbúté

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ẹ gba ọkọ̀, nígbà tí omi ṣì tòrò, ẹ ṣe ìwọ̀nyí:

- Ẹ fa ìgbòkun ńlá sókè, kí ẹ ṣẹ́ ẹ po dé ìṣẹ́po kìíní àti ìkejì, kí ẹ fi téèpù aláwọ̀ sàmì sí okùn ìfàsókè níbi tó yẹ kó dúró fún ọ̀kọ̀ọ̀kan.
- Ẹ bi ẹni tó ń fi ọkọ̀ hàn yín léèrè: ṣé okùn kan ló ń fa igun méjèèjì, àbí méjì ni?
- Ẹ ya àwòrán ibi tí okùn kọ̀ọ̀kan ti jáde, orúkọ ara wọn sábà máa ń parẹ́.
- Ẹ ka láìfù jákẹ́ẹ̀tì, kí ẹ rí i pé ti ọmọdé wà.
- Ẹ dán rédíò VHF wò, ìkànnì 16 ni ti ìpè pàjáwìrì.
- Ẹ wá ọ̀bẹ, kí ẹ fi sí ibi tí ọwọ́ atukọ̀ lè tètè tó o.

Bí ìsọtẹ́lẹ̀ bá ti sọ pé afẹ́fẹ́ yóò le lọ́sàn-án, ẹ kúrò ní èbúté pẹ̀lú ìṣẹ́po kìíní lórí ìgbòkun. Ó rọrùn láti tú u tó bá yá ju láti ṣẹ́ ẹ po nínú ìgbì lọ.

Ìgbésẹ̀: bí a ṣe ń ṣẹ́ ìgbòkun ńlá po

1. Ẹ sọ ọ́ jáde kí gbogbo ènìyàn gbọ́. Àwọn ọmọdé á wọlé. Àwọn tó máa ṣiṣẹ́ á wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì àti ìbọ̀wọ́. Ẹnì kan dúró sídìí ìtọ́kọ̀, kò sì gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀. Ẹnì kejì bójú tó okùn.

2. Ẹ wò yí ká bóyá àyè wà láti yí. Ẹ rí i pé kò sí okùn tó ń wọ́ nínú omi, torí abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnì lè wé e. Ẹ wá tan ẹ́ńjìnì méjèèjì.

3. Ẹ ká ìgbòkun iwájú wọlé kí ó má baà máa gbá kiri.

4. Ẹ kọjú ọkọ̀ sí afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n kí ẹ fi nǹkan bíi dígírì 20 sílẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ fi ẹ́ńjìnì rìn jẹ́jẹ́, kí ọkọ̀ má baà dúró tàbí kó yí lọ.

5. Ẹ fa okùn ìgbérọ̀ kí ó le. Bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀, ọ̀pá ìdábùú yóò já lu ìbòrí tó wà lókè orí yín.

6. Ẹ tú okùn ìdarí ìgbòkun ńlá títí aṣọ náà yóò fi máa jù fẹ̀lẹ̀fẹ̀lẹ̀ láìní agbára kankan nínú.

7. Ẹ yí okùn ìfàsókè mọ́ wíǹṣì kí ẹ tó ṣí irin tó dì í mú. Ẹ wá máa tú u díẹ̀díẹ̀ dé ibi tí ẹ fi téèpù sàmì sí.

8. Ẹ fa okùn igun iwájú títí yóò fi jókòó pinpin.

9. Ẹ tún fa okùn ìfàsókè kí etí iwájú ìgbòkun le dáadáa.

10. Nísinsìnyí ni kí ẹ tó fa okùn igun ẹ̀yìn, títí ẹsẹ̀ ìgbòkun yóò fi tẹ́ pẹrẹsẹ. Kí ẹnì kan máa wòkè ní gbogbo àkókò tí wíǹṣì bá ń yí.

11. Ẹ dẹ okùn ìgbérọ̀ díẹ̀, ẹ fa okùn ìdarí, ẹ yí ọkọ̀ padà sójú ọ̀nà yín, ẹ tú ìgbòkun iwájú níwọ̀n tó yẹ, kí ẹ tó pa ẹ́ńjìnì.

12. Ẹ ká gbogbo okùn tó wà nílẹ̀.

Ẹ má yí ipò ìgbésẹ̀ 8 sí 10 padà. Bí ẹ bá kọ́kọ́ fa igun ẹ̀yìn, aṣọ á fà síwá fà sẹ́yìn níbi tí kò lágbára, ibẹ̀ ló sì ti máa ń ya. Bí okùn kan ṣoṣo bá ń fa igun méjèèjì lórí ọkọ̀ yín, ẹ fà á tán kí ẹ tó fún okùn ìfàsókè le.

Ìgbòkun iwájú

Èyí rọrùn jù. Ẹ tú okùn ìdarí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ṣe ń fa okùn tó ń ká a, kí ẹ má ṣe jù ú sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Aṣọ tí kò sí okùn tó dì í mú yóò máa gbá, igun rẹ̀ sì lè fọ́ ènìyàn lójú. Bó bá há, ẹ dúró kí ẹ wo ohun tó fà á.

Bí ẹ̀fúùfù òjijì bá ká yín mọ́

Ẹni tó dàgbà ní Èkó mọ bí ìjì òjò oṣù Kẹta àti Ìkẹrin ṣe máa ń dé. Afẹ́fẹ́ òkun ń fẹ́ jẹ́jẹ́, ìkùukùu ń dúdú bọ̀ láti ìlà-oòrùn, gbogbo nǹkan á pa lọ́lọ́, ẹ̀fúùfù á wá yí padà, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí páànù. Ojú yẹn kan náà ni kí ẹ fi máa wo sánmà Karibeani. Òjò tó dúdú nísàlẹ̀, tó ń bọ̀ láti ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá, lè fi nọ́ọ̀tì 10 sí 15 kún ohun tí ẹ ní. Bó bá bá yín kí ẹ tó ṣẹ́ ìgbòkun po, ibi tí afẹ́fẹ́ wà ló máa sọ ohun tí ẹ máa ṣe:

- Afẹ́fẹ́ wà níwájú: ẹ tú okùn ìdarí ìgbòkun ńlá, kí ẹ sì yí ojú ọkọ̀ díẹ̀ sí i kọ afẹ́fẹ́.
- Afẹ́fẹ́ wà lẹ́yìn: ẹ tẹ̀ sí ìhà tó ń fẹ́ lọ, kí ẹ sáré pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ má ṣe yí kọ ọ́ lójijì, torí yíyí yẹn gan-an ló ń gbé ọpọ́n kan kúrò nínú omi.
- Afẹ́fẹ́ wà ní ẹ̀gbẹ́ gan-an: ibí ló léwu jù, torí kò sí ìhà tó yá láti sá sí. Ẹ kọ́kọ́ tú okùn ìdarí, kíá, kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn.

Nítorí èyí ni mo fi máa ń ní kí ẹnì kan wà nítòsí okùn ìdarí nígbàkígbà tí afẹ́fẹ́ ẹ̀gbẹ́ bá ti kọjá 18. Bí afẹ́fẹ́ bá sì wà lẹ́yìn pátápátá, ẹ ṣọ́ra kí ọ̀pá ìdábùú má baà fò láti ẹ̀gbẹ́ kan bọ́ sí ìkejì. Ó ti pa ènìyàn rí. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dúró sí ojú ọ̀nà rẹ̀.

Àṣìṣe tí mo ń rí jù

*Wíǹṣì oníná.* Kò mọ̀ bóyá ìgbòkun ló ń fà tàbí ó ti há. Bí ohùn rẹ̀ bá yí padà, ẹ gbé ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì. Ìka ọwọ́ kò sì gbọdọ̀ sún mọ́ ọn bó bá ń yí.

*Okùn kéékèèké tó wà láàárín ìgbòkun.* Iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n kó aṣọ tó ṣẹ́ kù jọ. Ẹni tó bá fún wọn le yóò ya ìgbòkun láàárín méjì.

*Gbígbé ọkọ̀ fún ẹ̀rọ tó ń dá tukọ̀ nígbà tí ẹ ń ṣiṣẹ́.* Nínú ìgbì kékeré, ó lè ṣe é. Nínú ìgbì ńlá, ó máa ń pẹ́ kí ó tó dáhùn, ìgbòkun á wá kún fún afẹ́fẹ́ lójijì nígbà tí ọwọ́ yín wà lórí okùn.

*Dídúró de ara wọn.* Ọkọ ń retí kí ìyàwó sọ ọ́, ìyàwó ń rò pé ọkọ mọ ohun tó ń ṣe. Lórí ọkọ̀ wa, ẹnikẹ́ni tó bá ní kí a ṣẹ́ ìgbòkun po, ọmọ ọdún mẹ́wàá ni o, a máa ṣẹ́ ẹ po. A kì í jiyàn.

Bí ìgbòkun ńlá bá kọ̀ láti sọ̀kalẹ̀

Ẹ kọ́kọ́ wo bóyá ojú ọkọ̀ ti kọ afẹ́fẹ́ dáadáa, torí ibẹ̀ ló sábà máa ń ti wá. Ẹ tún wo okùn ìfàsókè, bóyá ó lọ́ mọ́ra níbi tó ń jáde. Bí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan bá há mọ́ àwọn okùn ẹ̀gbẹ́ tó ń gba ìgbòkun, ẹ fà á sókè díẹ̀, kí ẹ tó tún sọ ọ́ kalẹ̀. Kò sí ìdí kankan tí ẹnikẹ́ni fi gbọdọ̀ gun òpó nínú ìgbì. Bí gbogbo rẹ̀ bá kọ̀, ẹ fi ẹ́ńjìnì lọ sẹ́yìn erékùṣù tó wà nítòsí, níbi tí omi ti tòrò, kí ẹ ṣe é níbẹ̀.

Ohun mìíràn tí ẹ lè ṣe

Ẹ lè fi ìgbòkun iwájú nìkan lọ bí afẹ́fẹ́ bá wà lẹ́yìn. Ó lọ́ra, ṣùgbọ́n ọkàn balẹ̀, àwọn ọmọ kò sì ní mọ ìyàtọ̀. Láti erékùṣù Virgin Gorda padà sí erékùṣù Tortola, èmi kì í gbé ìgbòkun ńlá sókè mọ́ bó bá ti ju 22 lọ.

Ẹ lè gba atukọ̀ fún ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, kí ó kọ́ yín lórí ọkọ̀ náà gan-an.

Ẹ sì lè jókòó síbi tí ẹ wà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń yá ọkọ̀ fúnni kì í gbà kí a tukọ̀ lálẹ́, nítorí náà bó bá ti di aago méjì ọ̀sán tí ẹ̀fúùfù ṣì ń hu, tí ibi tí ẹ ń lọ sì jìnnà, ẹ fún ìdákọ̀ró ní ṣéènì sí i, kí ẹ dáná.

Títú ìṣẹ́po nígbà tí afẹ́fẹ́ bá rọ̀

Ẹ dúró ó kéré tán ogún ìṣẹ́jú, torí òjò kan lè wà lẹ́yìn òjò. Ẹ wá tú àwọn okùn kéékèèké àárín ìgbòkun, kí ẹ kà wọ́n, kí ó má ku ẹyọ kan. Ẹ kọjú sí afẹ́fẹ́, ẹ fa okùn ìgbérọ̀, ẹ tú okùn ìdarí, ẹ tú okùn igun ẹ̀yìn, lẹ́yìn náà ti iwájú, kí ẹ tó fa ìgbòkun lọ sókè. Ọwọ́ ni kí ẹ fi fa ìyókù tó kù lókè pátápátá, ẹ má lo iná. Bí ohunkóhun bá ṣì há, ọwọ́ yín ni yóò kọ́kọ́ mọ̀.